Kóòdù Tó Ń Kú Lẹ́nu Ìkíni

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ ìkíni ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ tán. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ni mo jókòó sí, níbi tí mo máa ń jókòó sí tí ẹjọ́ bá máa dùn, etí mi kò sì fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹni tó pẹjọ́ ni Màmá Alágbàfọ̀, obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọ̀gá Wáyà, bàbá arúgbó tó ti ń bá a bójú tó kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wáyà kì í kúrò lọ́rùn bàbá yìí, àní nínú ààfin ó gbé e kọ́. Ọmọge kan wà láàárín wọn, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan. Àǹtí Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Òun ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Wáyà.

Kábíyèsí wa, bí ẹjọ́ bá ti ń gbóná, ńṣe ló máa ń dìde rìn ká gbọ̀ngán. Lánàá, kò dìde. Ó jókòó gẹlẹtẹ, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ní bóyá òtútù ń mú un.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o," ni Màmá Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù mi ń kú lọ. Wọ́n ti ń pè mí lólè."

"Ta ló pè ọ́ lólè?"

"Àwọn oníbàárà mi ni. Kábíyèsí, aṣọ tí wọ́n bá gbé wá, nọ́ńbà la máa ń so mọ́ ọn. Ẹni tó ni nọ́ńbà, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Kọ̀ǹpútà ò sì jẹ́ ká wọlé mọ́. A ti fọ aṣọ, a ti lọ aṣọ, aṣọ kún ilé dé àjà, a ò mọ ẹni tó ni ín."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún bàjẹ́ ni?" ni Ọ̀tún bèèrè. Ọ̀tún ni àgbà ìgbìmọ̀, ó sanra, kì í sì í pẹ́ bínú.

"Kò bàjẹ́, bàbá. Ètò tí a fi ń ṣiṣẹ́ kò sí nínú ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló lè wọ̀ ọ́."

Ọ̀tún gbójú sókè wo àjà. "Kí ni aṣọ àwọn èèyàn ń wá lọ sí àwọsánmà?"

"Ọ̀tún, ẹ jẹ́ kó sọ tán," ni Kábíyèsí wí.

"Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ọmọ yìí lọ́wọ́, nítorí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún wa! Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kábíyèsí, bí kò bá ṣí lónìí, màá ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá sì fi orúkọ olè jókòó sílé."

Kábíyèsí yíjú sí Àǹtí Kíákíá. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló fún ọ, kí ni kò fún ọ?"

"Kábíyèsí, Bàbá fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ṣùgbọ́n tí ẹni tuntun bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó mọ̀ ní ọ̀gá. Fóònù Bàbá ló mọ̀. Kóòdù yẹn kì í pẹ́ láyé. Tí èèyàn ò bá tètè tẹ̀ ẹ́, ó kú nìyẹn."

"Ṣé kì í fún ọ ní kóòdù ni?"

"Wọ́n ń fún mi, Kábíyèsí. Òkú rẹ̀ ni wọ́n ń fún mi."

Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Wáyà dọ̀bálẹ̀, wáyà ọrùn rẹ̀ gbálẹ̀ lọ gbálẹ̀ bọ̀.

"Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. Mi ò jẹ̀bi. Ọmọ yìí á pè mí láàárọ̀, kò ní kí mi. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, 'Bàbá, kóòdù.' Ṣé Bàbá Kóòdù ni wọ́n sọ mí ni? Mo ní kó kí mi. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀.' Ìkíni nìyẹn? Kò bèèrè bí mo ṣe sùn. Kò bèèrè ìyàwó mi. Kò bèèrè orúnkún mi, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé orúnkún ń yọ mí lẹ́nu! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ẹ̀ ni mò ń bá a tún ṣe."

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!" ni ìjòyè kan wí lẹ́yìn, ó mi orí.

"Kábíyèsí, mo bèèrè orúnkún!" ni Àǹtí Kíákíá ké. "Wọ́n ní èwo nínú méjèèjì. Mo ní méjèèjì náà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kọ́kọ́ dùn wọ́n."

"Kò sí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn orúnkún ní kúkúrú," ni Ọ̀gá Wáyà dáhùn jẹ́jẹ́.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Màmá wọlé, awakọ̀ takisí kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, torí ṣòkòtò náà lè gba ẹni mẹ́ta bíi tirẹ̀.

"Kábíyèsí, ṣòkòtò dúdú ni mo gbé lọ fún wọn fọ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní kí n wá a nínú òkìtì. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Èyí ni mo fà yọ."

Ọ̀tún ti ń na ọrùn. "Dúró ná. Yí ẹ̀yìn padà. Háà! Ṣòkòtò mi nìyẹn! Ẹ wo ibi tí ìṣó ti fà á ya!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ta ló wá wọ tèmi?"

Kábíyèsí wúkọ́, ó tún aṣọ tó fi bo ẹsẹ̀ ṣe.

Ọ̀gá Wáyà na ìka sókè. "Awakọ̀, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ṣé aṣọ rẹ ṣìnà rí?"

"Rárá o, Bàbá. Nígbà tiyín, kó tó di pé a yọ owó, aṣọ á ti jáde."

"Ẹ gbọ́, Kábíyèsí!"

"Mo gbọ́. Báwo ni ìyẹn ṣe gbà ọ́ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí?"

"Kò gbà mí sílẹ̀, Kábíyèsí. Ó kàn dùn mọ́ mi létí ni."

Kábíyèsí lu apá àga. "Ó tó! Ẹ ṣe é lójú mi. Ọmọ, tẹ ẹ̀rọ rẹ."

Àǹtí Kíákíá tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún kíń nínú àpò Ọ̀gá Wáyà. Ó yọ ọ́, ó nu ojú rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Kábíyèsí, ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Àwọn olorì ńkọ́?"

"Wọ́n wà, wọ́n ní ká kí ọ."

"Àwọn ọmọ?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ìyàwó tìẹ náà ńkọ́?" ni Ọ̀tún bá wọn dá sí i.

"Ó wà, bàbá. Òun ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo wa yíjú, a kí ìyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó kí wa padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kí i, n kò ní purọ́.

"Ó ti kú," ni Àǹtí Kíákíá wí.

Ọ̀tún fò sókè. "Ta ló kú?"

"Kóòdù ni, bàbá."

Ojú ti Kábíyèsí díẹ̀. Ó ní kí ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí jáde wá jẹ́rìí.

"Kábíyèsí, ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà," ni Ọ̀gá Wáyà sáré wí.

"Lóòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n," ni ìyàwó dáhùn. "Ọkọ mi ni mo mọ̀."

"Ó dáa. Ṣé ọkọ rẹ mọ bí wọ́n ṣe lè yí kóòdù yẹn kúrò lórí fóònù rẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n jókòó tì í lọ́jọ́ kan láti yí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá gbé fóònù sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń wo ilẹ̀.

"Kábíyèsí, tẹ́lẹ̀, fóònù yẹn kì í sinmi. 'Bàbá, ẹ wá wo eléyìí.' 'Bàbá, ẹ̀rọ tún ti dákẹ́ o.' Èmi gan-an máa ń bínú sí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ sílẹ̀, fóònù náà dákẹ́. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á máa wò ó. Wọ́n á ní kí n fi tèmi pè é, káwọn mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún. Àárọ̀ tí ọmọ yìí bá pè nítorí kóòdù nìkan ni wọ́n ń jẹun yó."



"Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún mi?" ni Màmá Alágbàfọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kí n sọ pé kí lẹ ṣe? Kí ẹ máa pè mí? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" Ó nu ojú. "Bí kóòdù bá ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ta ló tún kù tó máa wá mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo tún wo Màmá, ẹni tí wọ́n ń pè lólè láìjalè, àánú òun náà ṣe mí. Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì yíjú padà sí wa.

"Ọ̀gá Wáyà, o jẹ̀bi. Ìkíni dára, ṣùgbọ́n ìkíni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni pa, ìkà ni. Wàá ka kóòdù báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá kí ẹnikẹ́ni kó tó kà á tán, màá lé e síta, ì báà jẹ́ Ọ̀tún."

Fóònù dún kíń. Ọ̀gá Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Àfi bí Ọ̀tún ṣe sín! Gbogbo wa yanu láti kí i pẹ̀lẹ́, gbogbo wa tún fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ di imú mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá Wáyà ka nọ́ńbà tó kẹ́yìn.

"Ó ṣí!" ni Àǹtí Kíákíá pariwo. Kó tó jókòó, ó ti gbé kóòdù sórí fóònù Màmá Alágbàfọ̀. Màmá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

"Mi ò tíì parí," ni Kábíyèsí wí. "Ọ̀gá Wáyà, ìkíni lo fi ṣẹ̀, ìkíni lo máa fi jìyà. Láti ọ̀la lọ, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Màmá ni wàá máa jókòó sí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ aláṣọ dé tòun ti ìbínú, ìwọ lo máa kí i títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Wàá bèèrè ilé, wàá bèèrè ọmọ, wàá bèèrè orúnkún. Kò sí oníbàárà tó gbọ́dọ̀ bèèrè tìẹ."

"Háà, Kábíyèsí!"

"Màmá, ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀. O gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà, o gbàgbé àgbà sílẹ̀. Láràárọ̀, wàá pè é lórí fóònù, wàá kí i kínníkínní. O ò gbọ́dọ̀ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, wàá jókòó gbọ́ ìtàn orúnkún yẹn dé òpin."

"Kábíyèsí, ẹ kúkú tì mí mọ́lé," ni Àǹtí Kíákíá bẹ̀ ẹ́.

"Ó ku ẹyọ kan. Màmá, bí o bá ti ń wá ẹni tó ni aṣọ, tèmi ni kí o kọ́kọ́ wá. Gbogbo ṣòkòtò mi ló ṣì wà nínú òkìtì yẹn."

Ó ká aṣọ tó fi bo ẹsẹ̀ kúrò. Ṣòkòtò tó wọ̀ dá dúró sí orúnkún, ó fún mọ́ itan rẹ̀ pinpin.

"Kábíyèsí!" ni awakọ̀ takisí ké. "Tèmi nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Kí lo rò pé kò jẹ́ kí n dìde láti àárọ̀?"

Mo gba ibi ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá Wáyà ti wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, wáyà lọ́rùn, ó di ọwọ́ obìnrin kan tó ń bínú mú, ó ń bi í léèrè àlàáfíà ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ni fóònù bá dún nínú àpò bàbá. Ó wò ó, ó sáré gbé e sétí. Mo yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Alágbàfọ̀ ló wà lẹ́yìn káńtà níbẹ̀, tó gbé fóònù tirẹ̀ sétí, tó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni mo gbọ́ tó wí. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́ o, Màmá," ni Ọ̀gá Wáyà dáhùn lórí bẹ́ǹṣì. "Ilé ńkọ́?"