Lẹ́tà Tó Sọ Mí Di Àáfà Ọ̀sán Kan

Tí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí ní Libreville, ìlú àjèjì tí mò ń gbé, ọjọ́ Sunday tí a lọ tọrọ Mùínátù, àfẹ́sọ́nà mi, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ mọ̀ pé ẹbí ọkọ ló ń kọ lẹ́tà ìtọrọ, tí àbúrò ìyàwó á sì kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó máa ṣáájú wa lọ síbẹ̀ ní òun ò mọ̀wé, kí n lọ kọ ọ́. Èmi náà ò kàwé jìnnà. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní ọjà Mont-Bouët. Ni mo bá ní kí AI orí fóònù mi, ẹ̀rọ tó ń báni fọ̀rọ̀ wérọ̀, bá mi kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì dáa. Èmi ni mi ò fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi adùn sí i, ó fi sí i. Mo ní adùn náà ò tíì tó. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo wá sọ fún un pé Alhaji ni bàbá Mùínátù, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀sìn gan-an, kó kọ ohun tí inú rẹ̀ á dùn sí. Ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ wa ti há Àlùkùránì sórí láti kékeré.”

Mo rí i o. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n yọ ọ́ tí kì í bá ṣe òótọ́. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo yọ. Àlùkùránì dùn létí jù, ta ló sì fẹ́ dán mi wò?

Ní ilé wọn ní Nkembo, àbúrò Mùínátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ibí ni wọ́n bí i sí, Faransé ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń ka Yorùbá bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe dé ìdí Àlùkùránì, gbogbo ilé ní Allahu Akbar. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rọra bi mí létí pé ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀.

Alhaji nu ojú. Ó ní, “Àáfà tí a ń retí wà nínú takisí ní àdúgbò Lalala, ọ̀nà ò lọ. Ká má dààmú rẹ̀ mọ́. Àna mi, ka súrà Yásínì fún wa.”

Mo wúkọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo mu ife mẹ́ta. Mo ní mo fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo pẹ́ nílé ìwẹ̀ títí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Nígbà tí ọgbọ́n tán, mo ka Fátíhà, èyí tí ọmọdé gan-an mọ̀. Mo kà á tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

“Ìyẹn a ti gbọ́,” Alhaji wí. “Tẹ̀ síwájú.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, èmi ni mi ò yọ ọ́.”

Mo ti ń ka Mùínátù sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn kọ́tìnì la ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín. Òun gan-an ló ń rín in. Alhaji ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò.

“A ò ní yí lẹ́tà padà,” ó ní. “Ọjọ́ tí o bá ka Yásínì láìwòwé, wá mú ìyàwó ẹ.”

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó sórí ẹní nílé kéú, láàárín àwọn ọmọ ọdún méje tó ń tún ahọ́n mi ṣe. Mùínátù a pè láti bi mí pé ẹsẹ mélòó ló kù. Mo ti mọ̀ báyìí pé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu lẹ́tà sọ, ẹnu tara rẹ̀ ni yóò fi san án.

Lánàá, mo bi AI pé ọ̀nà wo ló yá jù láti há Yásínì sórí. Ó ní kí n máa kà á díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo pa fóònù, mo padà sórí ẹní mi.