Bíríkìlà Fẹ́ Bomi Rin Ẹ̀wù Ìyàwó Rẹ̀

Yàrá kan ní ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ sì wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n wọ ẹ̀wù líle funfun fún un, láti abẹ́ apá dé ìdí, kí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè tọ́. Bàbá ìyá rẹ̀, tó máa ń pè é ní “ìyàwó mi”, ló wá gbé e lọ sílé. Bíríkìlà ni. Ogójì ọdún ló fi mọ ilé. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá bàbá náà lórí ìdúró, garawa omi lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò ìdọ̀họ tutù lọ́wọ́ òsì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá! Ẹ dúró níbẹ̀!

BÍRÍKÌLÀ: Mo ti wà lórí ìdúró. Ṣé kí n jókòó ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe?

BÍRÍKÌLÀ: Iṣẹ́ tí ẹ pa tì ni mo fẹ́ parí. Ẹ rẹ́ ọmọ bí ẹni rẹ́ ilé, oòrùn ti ń mú, kò sí ẹnì kan nínú yín tó bomi rin ín.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí a bomi rin ọmọ?

BÍRÍKÌLÀ: Ilé tí a rẹ́ tí a kò bomi rin, ọjọ́ kẹta ló ń lanu. Omi láàárọ̀, àpò tutù lọ́sàn-án, omi nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ méje. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù mọ ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì di garawa mú. Bàbá kò fi sílẹ̀. Omi dà sí Nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀.

BÍRÍKÌLÀ: O rí ara rẹ? O ń fi omi ṣòfò.

NỌ́Ọ̀SÌ: Omi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀wù yìí rárá. Bó bá kàn án, á rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì. Ayùn la ó fi gé e. A ó tún fún ọmọ ní oògùn oorun, a ó tún nà án sórí irin, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

BÍRÍKÌLÀ: Sìmẹ́ǹtì wo ló ń rọ̀ nínú omi? Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, Bàbá.

BÍRÍKÌLÀ: Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó dún kò-kò-kò. Ta ni yóò fi ohùn sìmẹ́ǹtì hàn mí?

Ọmọ náà fi ìkúùkù gbá àyà ara rẹ̀. Ó dún. Ó rẹ́rìn-ín.

BÍRÍKÌLÀ: Ìyàwó mi gan-an ti jẹ́rìí. Ihò tó wà níkùn ẹ̀wù yìí wá ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Àwa la gé e.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ fi ọwọ́ ara yín gé e? Mo rò pé ọmọ iṣẹ́ ló gbàgbé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní wọ ibẹ̀. Tiyín kò tíì gbẹ, ó ti lanu.

Ó fa ṣíbí ìrẹ́lé yọ nínú àpò ṣòkòtò.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí nìyẹn?

BÍRÍKÌLÀ: Ìṣẹ́jú kan péré. N ó dí i, kò ní hàn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbé e wá. Bàbá, ẹ gbé e wá! Bí ọmọ bá jẹun yó, ibẹ̀ ni ikùn ń gbà wú. Bí ẹ bá dí i, kò ní lè mí dáadáa.

Bàbá wo ihò náà. Ó wo ikùn ara rẹ̀.

BÍRÍKÌLÀ: Fèrèsé ni, nígbà náà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Fèrèsé ni.

BÍRÍKÌLÀ: O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé gbọ́dọ̀ ní fèrèsé. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gún.

Nọ́ọ̀sì kó garawa, àpò àti ṣíbí sí igun yàrá. Ó mú ìwé kan.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá kọwọ́ sí ìwé yìí, ẹ ó gbé ọmọ lọ. Mi ò sì ní kọwọ́ sí i fún ẹni tó ń gbé garawa kiri. N ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó wá.

BÍRÍKÌLÀ: Má ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ti fi tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá tún tọrọ ọjọ́ kan, kó kúkú máa jókòó sílé. Èmi ni mo sọ fún un pé kó lọ, pé n ó máa tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọwọ́ sí i.

NỌ́Ọ̀SÌ: Láti ìgbà tí mo ti wọlé, “ìwọ” lẹ̀ ń pè mí. Kí ló dé tí mo wá di “ẹ̀yin”?

BÍRÍKÌLÀ: Ìwé kò tíì sí lọ́wọ́ yín nígbà yẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dáa. N ó bi yín ní ìbéèrè. Bí ara bá ń yún ọmọ lábẹ́ ẹ̀wù, kí lẹ máa ṣe?

BÍRÍKÌLÀ: Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ó ṣí fìlà, ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan níbẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ mú un wá! Ẹ kò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ara bá bó níbẹ̀, ta ni yóò rí i?

BÍRÍKÌLÀ: Kí n máa wo ọmọ kó máa yún ara?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ pa á lẹ́rìn-ín, á gbàgbé.

BÍRÍKÌLÀ: Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pani lẹ́rìn-ín.

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ̀n. Ìwẹ̀ ńkọ́?

BÍRÍKÌLÀ: N ó gbé e sínú...

Nọ́ọ̀sì gbé kálàmù kúrò lórí ìwé.

BÍRÍKÌLÀ: N ò ní gbé e sínú nǹkan kan.

NỌ́Ọ̀SÌ: Aṣọ tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù ni ẹ ó fi nu ojú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yanrìn ńkọ́?

BÍRÍKÌLÀ: Ti odò àbí ti ilẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sí èyíkéyìí! Kó má ṣeré níbi tí yanrìn wà. Bó bá bọ́ sínú ẹ̀wù, á máa họ ọ́ lára.

BÍRÍKÌLÀ: Ilé bíríkìlà ni ilé mi. Yanrìn ló gba ojúlé títí dé ẹ̀yìnkùlé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbá a.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ti gba ìgbálẹ̀ mi.

Ọmọ náà di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó dìde dúró. Bàbá yọ okùn kan jáde, irin wúwo rọ̀ ní ìdí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń wo ògiri bóyá ó dúró ṣánṣán. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ọmọ. Irin náà mì, ó dúró. Ẹ̀yìn ọmọ kò bá okùn náà mu.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbé ìyẹn náà wá.

BÍRÍKÌLÀ: Ogójì ọdún. Ògiri mi kankan kò wọ́ rí. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ló wá wọ́. Nọ́ọ̀sì, èjìká òsì ni mo máa ń gbé e sí. Lójoojúmọ́. Òsì nìkan. Ṣé èmi ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá. Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á.

BÍRÍKÌLÀ: Ó dá yín lójú?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dá mi lójú.

Bàbá fi fìlà nu ojú.

BÍRÍKÌLÀ: Eruku ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sí eruku ní yàrá yìí.

BÍRÍKÌLÀ: Èmi ni mo gbé e wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò tíì yé mi. Ògiri tó bá wọ́, ńṣe la máa ń wó o. A kì í rẹ́ ẹ títí á fi tọ́.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bí ẹ bá fẹ́ da òpó kọ́ńkéré, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?

BÍRÍKÌLÀ: Pákó ni. A ó kan pákó yí i ká. Bí pákó bá ti tọ́, òpó á tọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bí pákó bá wá rọ̀ kí òpó tó le ńkọ́?

BÍRÍKÌLÀ: Òpó bàjẹ́ nìyẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀wù yìí ni pákó, Bàbá. Ọmọ ni òpó.

Bàbá sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀wù. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

BÍRÍKÌLÀ: Òpó ṣì tutù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọmọ ọdún méjì. Ó ṣì tutù. Ìdí tí a fi tètè wọ̀ ọ́ fún un nìyẹn. Bó ti ń dàgbà nínú rẹ̀ ni ẹ̀yìn á máa tọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, a ó bọ́ ọ, a ó wọ èyí tó tóbi jù ú lọ.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ó tú pákó, ẹ ó kan òmíràn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bẹ́ẹ̀ ni.

BÍRÍKÌLÀ: Dókítà yín sọ̀rọ̀ títí láàárọ̀, itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò dárúkọ pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Ó lọ fọ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi, ó padà, ó nawọ́ láti gbé ọmọ. Bàbá fò sáàárín wọn.

BÍRÍKÌLÀ: Dúró! Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sí nǹkan kan.

BÍRÍKÌLÀ: Omi ni! O fẹ́ ba pákó jẹ́! Nù ún. Èkejì ńkọ́? Àárín ìka ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti tún di “ìwọ” nìyẹn?

BÍRÍKÌLÀ: Ẹni tó bá gbé omi sún mọ́ ìyàwó mi, ì báà ṣe ọba, “ìwọ” ni.

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ gbẹ. Ó kọwọ́ sí ìwé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ti yege, Bàbá. Ẹ máa gbé e lọ. Ó di oṣù méjì.

Bàbá gbé ọmọ mọ́ àyà gbọnin. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo òkè. Ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀, òjò fẹ́ rọ̀. Ó padà, ó gbé ọmọ lé bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ló tún dé? Mo ti kọwọ́ sí i! Ẹ máa lọ sílé!

BÍRÍKÌLÀ: Lọ bá mi wá bẹ́ẹ̀dì tèmi. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn.