Táyà Ẹrẹ̀ Lórí Títì Ọlọ́dà

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lánàá, ọjọ́ Ajé, àmọ́ ariwo rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. À ń gbọ́ "wùùùù" láti ìpẹ̀kun àdúgbò. Ọ̀tún jẹ èbà tán, ó fọwọ́, ó tún mu omi, kí alùpùpù tó ń pariwo náà tó yọ. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹjọ́ tí mo ti kọ sílẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ mi ò rí irú èyí rí.

Tàjùdéèn ló gùn ún wá. Ilẹ̀ ló ń bá àwọn èèyàn wọ̀n kiri, ìdí nìyẹn tó fi ra alùpùpù fẹ́ẹ́rẹ́ tó lè lọ títì, tó sì lè wọ igbó.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o! Ìyàwó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ta ló fẹ́ gbà á?" Baálẹ̀ bi í.

"Táyà ni."

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Tàjùdéèn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín! Sátidé tó kọjá ni mo fẹ́ lọ tọrọ Fadilah lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ n'Ípọ̀nrí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹbí mi ti kún inú mọ́tò, wọ́n ti lọ. Èmi gun alùpùpù tẹ̀ lé wọn. Aago mọ́kànlá kọjá kí n tó dé! Alájì, bàbá ẹ̀, ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí kò mọ aago."

"Kí ló dá ọ dúró?"

Tàjùdéèn nawọ́ sí Adéríbigbé, mẹkáníìkì ẹ̀. "Òun nìyí! Mo ní kó yan táyà fún mi. Ó fi táyà ẹrẹ̀ síwájú, ó fi sẹ́yìn, kókó-kókó bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Irin eléyín tí ṣéènì ń yí, ó fi ńlá sẹ́yìn, ó fi kékeré síwájú, èyí tó ń fún un lágbára, àmọ́ tó ń gba eré lọ́wọ́ ẹ̀. Kábíyèsí, ẹ́ńjìnnì ń ké, jíà ti tán, a ò kúrò lójú kan! Bàbá arúgbó kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá lára mi, wọ́n tún kí mi pé o kú iṣẹ́."

Adéríbigbé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku ara ẹ̀.

"Kábíyèsí, ọkàn mi mọ́. Èmi kì í béèrè ibi tí oníbàárà ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ni mo máa ń lọ wò. Mo lọ wo ti Tàjùdéèn. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ gbé bàtà mi kan mì, títí dòní mi ò tíì rí i!"

"Báwo ni ẹrẹ̀ náà ṣe gùn tó?"

"Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, Kábíyèsí."

"Láti ibẹ̀ dé Ìpọ̀nrí ńkọ́?"

"Ọ̀dà ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò lè jáde nílé, kí ló fẹ́ fi eré ṣe?"

Ọ̀tún mi orí. "Òótọ́ wà níbẹ̀ o."

Mo wo Ọ̀tún. Àgbàlagbà ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Adéríbigbé pe ẹlẹ́rìí ẹ̀, Habeeb, tó ń gbé ní àdúgbò kan náà.

"Irọ́ ni Tàjùdéèn ń pa, Kábíyèsí. Alùpùpù yẹn ń sáré dáadáa. Ojú mi ló ṣe! Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ lọ lọ́jọ́ náà títí dé Ojúẹlẹ́gba."

"Táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù tìrẹ?"

"Èmi? Mi ò ní alùpùpù. Mo ń fẹsẹ̀ rìn ni. À ń tàkúrọ̀sọ lọ."

Adéríbigbé dorí mú. "Habeeb, o pa mí o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo tiẹ̀ dúró ra ọsàn lọ́nà, mo ṣì lé e bá."

Ẹ̀rín pa ìgbìmọ̀, àfi Alájì Tìrìmísíyù, bàbá Fadilah. Wọ́n dìde.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀. Tí ọmọ mi bá ń rọbí lọ́la, ṣé bí ọkọ ẹ̀ ṣe máa gbé e dé ọsibítù nìyẹn?"

Omi lé sójú Tàjùdéèn. Àánú ẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́.

Fadilah, tó tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ wá, kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́wàá ò tíì lù tí ẹ fi ní, 'Fadilah, kí ló ń kùn bí agbọ́n lọ́ọ̀ọ́kán yìí?' Mo ní Tàjùdéèn ni. Ẹ ní, 'Ó káre, kó máa bọ̀.'"

Baálẹ̀ gbéra nílẹ̀ díẹ̀. "Alájì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò tíì dé!"

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹni tó bá ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, tí onílé dá a lóhùn, àlejò ti dé nìyẹn. Táyà Tàjùdéèn ti ké àgò kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dá a lóhùn. Kò pẹ́ rárá. Ẹ fún un níyàwó ẹ̀."

Tàjùdéèn nà gbalaja sílẹ̀ níwájú àna ẹ̀. Alájì wò ó títí, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀. Baálẹ̀ wá yíjú sí mẹkáníìkì.

"Adéríbigbé! Ibi tí èèyàn ń lọ la fi ń yan táyà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹ̀ nìkan. Wàá yọ méjèèjì, wàá fi èyí tí kókó ẹ̀ mọ níwọ̀n, tó lè tẹ ọ̀dà, tó sì lè tẹ iyẹ̀pẹ̀. Fi eyín kan kún ti irin iwájú, kó o sì dín tẹ̀yìn kù. Àmọ́ kó o tó yọ ohunkóhun, alùpùpù yẹn lo máa fi gbé Alájì lọ síbi tí wọ́n ti máa so yìgì Fadilah ní Yaba."

Alájì fò sókè. "Kábíyèsí, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ dá àgò lóhùn, ẹ tún tilẹ̀kùn mọ́ àlejò."

Adéríbigbé họrí. "Kábíyèsí, ọjọ́ wo ni yìgì?"

"Sátidé tó ń bọ̀ la ti dá tẹ́lẹ̀," Fadilah dáhùn.

Baálẹ̀ wo alùpùpù náà, wọ́n fi ìka ka ọjọ́ láti Ajé dé Sátidé.

"Ẹ gbéra báyìí."