Ẹ̀rọ Tó Jẹ́rìí Ilẹ̀kùn-Irin

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo parí ìdánwò àṣekágbá ni mo kọ́kọ́ pàdé Ọ̀gbẹ́ni Ilẹ̀kùn-Irin. Mo yà kí àǹtí mi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ni ilé ìwòsàn aláboyún kékeré kan. Mo bá ọkùnrin náà lórí àga ní yàrá ìdúró, ó ń kan ìṣó mọ́ ògiri. Aago ló yọ kúrò níbẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ ló fi rọ́pò.

Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò dáhùn. Akọ̀wé àǹtí mi ta mí lólobó pé bí a kò bá kọ́kọ́ ki oríkì rẹ̀, etí rẹ̀ kì í là. Mo bá kì í: Ilẹ̀kùn-Irin, Àgádágodo Ayé, Ọ̀tá Olè, Ẹni tó mọ odi sínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n mú òòlù wá.

Iṣẹ́ tó gbé wá kì í ṣe kékeré. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó ń darí rẹ̀ bí baálé ṣe ń darí ilé: òun ló ń pinnu ẹni tó lè wọlé àti yàrá tí àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ilẹ̀kùn-Irin ní orí òun nìkan ni òun fi hun irú ètò bẹ́ẹ̀, àti pé olè kankan kò lè wọ inú rẹ̀. Àǹtí mi sì fẹ́ kó àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tí ọkọ kò mọ̀, tí ìyá ọkọ kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Bí ẹyọ kan bá tú síta, ilé á dàrú, obìnrin kankan kò sì ní fọkàn tán àǹtí mi mọ́.

Àmọ́ mo mọ ètò náà. Òun la fi kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwé wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, tí wọ́n sì fi ta aráyé lọ́rẹ. Ìwé àṣẹ inú rẹ̀ kò le: lò ó, tún un ṣe, kódà tà á, ṣùgbọ́n má ṣe pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò bá Ilẹ̀kùn-Irin lára mu. A fún un lẹ́ṣin lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun lòun bí ẹṣin. Akọ̀wé jókòó tì í nígbà tó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé níbikíbi tó bá ti rí orúkọ èyíkéyìí nínú àwọn ènìyàn náà, kí ó yọ ọ́, kí ó fi Ilẹ̀kùn-Irin sí i. Kò ka ohun tí àwọn orúkọ náà ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í jiyàn. Ó ṣe é.

Mo fi èyí tó àǹtí mi létí. Ó ní òun kò ní ba ọmọlúàbí jẹ́ lẹ́yìn. Òun yóò bi í léèrè lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ètò náà, àwọn aboyún àtàwọn ọkọ wọn kún yàrá ìdúró. Àǹtí mi dìde.

“Ọ̀gá, bí àṣírí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi wọ̀nyí bá tú, ta ni kí n dì mú?”

“Èmi ni. Kò sí orúkọ ẹlòmíràn nínú rẹ̀.”

“Ẹnikẹ́ni kò ràn yín lọ́wọ́?”

“Nọ́ọ̀sì, kìnnìún kì í yá eyín ọ̀bọ jẹran.”

Kí ó lè fi òǹtẹ̀ lù ú, ó ní kí ẹ̀rọ ka gbogbo ibi tí orúkọ òun wà jáde láti inú gbohùngbohùn.

“Ilẹ̀kùn-Irin ló ṣe ètò yìí,” ni ẹ̀rọ wí. A pàtẹ́wọ́. Ó tẹríba.

Ṣùgbọ́n àṣà àwọn tó kọ ètò náà ni pé wọ́n máa ń kọ àṣìṣe ara wọn sílẹ̀ gbangba, kí ẹlòmíràn lè bá wọn tún un ṣe. Ẹ̀rọ ń kà á lọ: “Ilẹ̀kùn-Irin gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn-Irin ló rí àṣìṣe náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ilẹ̀kùn-Irin, tó fi àléébù Ilẹ̀kùn-Irin han Ilẹ̀kùn-Irin.”

Aboyún kan rọra bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ìbẹta ni wọ́n.

Ilẹ̀kùn-Irin sáré tẹ bọ́tìnì kan. Ohùn náà ròkè sí i, ó ti kan ìwé àṣẹ.

“Ilẹ̀kùn-Irin kò ṣèlérí pé ètò yìí wúlò fún ohunkóhun. Bí ó bá fa àdánù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di Ilẹ̀kùn-Irin mú.”

“Ó ti dá mi lóhùn,” ni àǹtí mi wí. Ó ti àpótí káàdì àwọn aláìsàn rẹ̀ pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Òógùn bo ọkùnrin náà. “Ẹ má dá a lóhùn. Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.”

“Ta wá ni?” ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ béèrè.

Ilẹ̀kùn-Irin sá jáde. Ó ti dé ẹnu géètì, ẹ̀rọ ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ni ètò náà ti tún àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn ṣe tipẹ́. Ojúlówó rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn nínú rẹ̀, ló ń ṣọ́ àṣírí ilé ìwòsàn báyìí. Àwòrán nìkan ló kù lára ògiri, àwọn aboyún kò sì mọ iye tí aago lù. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí Ilẹ̀kùn-Irin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ó wá mú àwòrán rẹ̀. Ìṣó rẹ̀ la fẹ́ lò.