Agbẹjọ́rò Ọlọ́run

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìyà fi ń jẹ ọmọ aráyé, kó má wulẹ̀ yọ Ọlọ́run lẹ́nu. Kó wọ takisí lọ sí Alágbàká l'Àkúrẹ́, kó béèrè ilé Alàgbà Gbémiga. Agbẹjọ́rò Ọlọ́run ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run kò gbà á síṣẹ́.

Bí ìjì bá ṣí òrùlé ẹnìkan, Alàgbà ní àlàyé. Bí ọmọ bá kú, kí ìyá rẹ̀ tó nu ojú, ó ti dé pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta. Ó tẹ káàdì pàápàá: "Alàgbà Gbémiga, Olùtumọ̀ Ìyà."

Ìwé Jóòbù ló máa ń kà, ṣùgbọ́n jọ́ọ̀bù ló mọ̀ ọ́n wá. Òun ló gba jọ́ọ̀bù àtira oògùn kòkó tí ìjọ pín fún àwọn àgbẹ̀ Ilu-Abo. Wọ́n fín in. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ewé kòkó ti gbẹ bí ohun tí iná jó. Wúràọlá, opó tó ti ń tọ́jú oko ọkọ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, jókòó sídìí igi kan, kò lè sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Alàgbà gun àga ìwàásù.

"Ẹ má bi Ọlọ́run ní ìdí. Jóòbù pàdánù gbogbo nǹkan, kò béèrè nǹkan kan."

Wúràọlá dìde. "Ó béèrè, sà. Orí kẹta ni."

"Màmá, ìdánwò ni. Bí wọn ò bá gún iṣu, ṣé ó lè di iyán?"

"Ẹni tó ń gún un ló ń jẹ ẹ́, sà."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn. Alàgbà tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹni tí Olúwa fẹ́ràn ló ń nà."

"Ṣé ó fẹ́ràn ẹ̀yin náà?"

"Gidigidi."

"Ẹ ní oko kòkó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ewé kan ò gbẹ níbẹ̀. Oògùn tiwa ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká fín in sí i, kí Olúwa nà yín díẹ̀."

Wúràọlá jáde, ó gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó tó ti gbé sí ẹnu ọ̀nà kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ tẹ̀ lé e lọ sí oko náà. Alàgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Wúràọlá ti gbá ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó sáré, bàtà rẹ̀ kan há sínú ẹrẹ̀, ó na apá méjèèjì síwájú igi.

"Ẹ má fín in. Oògùn yẹn ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀dínwó ni mo fi rà á. Á pa wọ́n."



Wúràọlá yíjú sí Àlùfáà Babájídé. "Ṣé Ọlọ́run ló fàyè gba èyí, sà?"

Àlùfáà dáhùn. "Màmá, mi ò mọ ìdí tí ọkọ yín fi kú. Mo ti gbàdúrà lé e lórí, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa kòkó yín, gbogbo wa ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀."

Wúràọlá sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ láì fín in. "Igi yìí kò ṣẹ̀ mí," ló wí.

Níbẹ̀ ni ìjọ ti pinnu pé àwọn àgbẹ̀ ni yóò máa ká kòkó Alàgbà fún ara wọn, títí igi tiwọn yóò fi rúwé.

Alàgbà la ẹnu láti ṣàlàyé. Wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì.