Ẹni Tí Kì Í Mu Mílíìkì Ni Kí Ó Ṣọ́ Mílíìkì

Ẹ wá wo Jeremáyà! Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù láàárọ̀, tí àwọn ará Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sí etí ọ̀sà, ẹ ó bá a níwájú ilé rẹ̀ lórí àga ọlọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, kọ́ọ̀bù funfun lọ́wọ́, ìka rẹ̀ tó kéré jù nà sókè bí ìrù ológbò. Kọfí ló ń mu. Kọfí dúdú, tí kò ní ṣúgà, tí kò ní mílíìkì. Kò sì ní mu ún àfi bí ẹnì kan bá ń kọjá. Bí ọ̀nà bá dá, á gbé kọ́ọ̀bù dúró sí agbede méjì àyà àti ètè, á máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì, bí apẹja tó ń retí kí ẹja gbé ìwọ̀ mì.

"Mùsé, ẹ káàárọ̀ o!"

"Bọ́ńjú, bọ́ńjú! Ẹ má bínú pé n kò dìde o. Kọfí ni mo ń mu lọ́wọ́."

Ta ló bi í?

Oṣù díẹ̀ péré ni Jeremáyà lò ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tó ń ṣọ́ ilé ìṣe-búrẹ́dì kan. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, kò wọ inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi padà dé, ó ti gbàgbé Yorùbá díẹ̀, ó ti gbàgbé Ègùn díẹ̀, kò sì tíì mọ Faransé. Ó ní Mùsé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ni kí gbogbo èèyàn máa pe òun. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe tilẹ̀ fi oríkì lé e: Mùsé Amukọfí-bí-ẹni-mumi! Akórira-ṣúgà-bí-ẹni-kórira-ẹjọ́! Bí wọ́n bá ti kì í báyìí, orí rẹ̀ á wú, ìka á tún nà sókè sí i.

Àmọ́ ikùn Jeremáyà kò bá a lọ sí Àjàṣẹ́.

Ọmọ Àgbádárìgì ni ikùn náà, ẹ̀kọ àti ẹja ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Bí kọfí bá ti balẹ̀ sínú rẹ̀, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e. Lẹ́yìn náà á ní, "Gbúruu?" bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá rí èsì, ogun dé. Àyà á máa ta á, inú á máa lọ́ ọ, omi kíkan á gun ọ̀nà ọ̀fun, ìfun á sì máa sáré kiri bí ọlọ́jà tí sójà lé.

Kí ni Jeremáyà ò ṣe tán? Ó jẹ orógbó títí ẹnu rẹ̀ fi korò. Ó mu omi ẹ̀kọ. Ó fi òróró àgbọn pa ikùn títí ikùn fi ń dán bíi bàtà ọ̀gá ọlọ́pàá. Ikùn ò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbọ́, ohun náà sì nìyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀: mílíìkì inú agolo.

Bó bá ti mu kọfí tán níta, á dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, á rìn wọlé bí ìjòyè. Bí ilẹ̀kùn bá ti padé lẹ́yìn rẹ̀, á ki eré mọ́lẹ̀. Títílọlá ìyàwó rẹ̀ á ti dúró pẹ̀lú agolo tó fi ìṣó dá ihò méjì sí lórí. Jeremáyà á gbé e sẹ́nu, á máa fà á bí ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀ á pa dé. Ìgbà náà ni ikùn á tó rọlẹ̀.

"Bàbá Túnmiṣe," ni Títílọlá máa ń wí, "ẹ ò ṣe kúkú da mílíìkì yìí sínú kọfí níta, kí gbogbo wa sinmi?"

"Kí wọ́n lè rí mi? Ọmọdé ló ń mu mílíìkì!"

"Ta ló wá ń fa agolo yìí?"

"Oògùn ni mo ń lò."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí ìjọba sójà fi dé. Wọ́n ti ẹnubodè Sèmè pa. Ṣúgà di àwátì, mílíìkì di ohun tí wọ́n fi ń búra. Nítorí agolo kan, àgbàlagbà á tò sórí ìlà láti òwúrọ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan yà kúrò, kòbókò ni. Ìgbà náà ni ìjọba ní àwọn á máa fi ẹ̀sẹ́ńkò, ìyẹn àwọn ọjà kòṣeémánìí, ránṣẹ́ sí abúlé kọ̀ọ̀kan. Gberefu náà yóò rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sà àti òkun ni Gberefu wà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gba ẹrù náà ní Àgbádárìgì kó tó kó o sọdá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn, ìdajì ẹrù ló dé. Ẹnì kejì, àpò ṣúgà dé, ṣúgà ò dé.

Inú bí àwọn ará Gberefu, mílíìkì ló sì kàn báyìí. Wọ́n kọjá wá sí Àgbádárìgì, wọ́n pe ìpàdé. Hùmúàní wà níbẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ìyálóde àwọn tó ń yan ẹja. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni, ọmú rẹ̀ ò sì tó àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń mu, èkejì á máa kọrin ebi. Zinsu olórí àwọn apẹja ló dìde sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Wọn kì í fi ewúrẹ́ ṣọ́ iṣu. Wọn kì í ní kí ológbò bá wọn ka ẹja. Láàárín gbogbo wa tí a wà níbí, ta ni kì í mu mílíìkì?"

Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀.

Àfi bí Hùmúàní ṣe pàtẹ́wọ́. "Mùsé ńkọ́? Kọfí dúdú! Gbogbo ayé ló ń rí i láràárọ̀! Ọkùnrin tí ahọ́n rẹ̀ ò mọ ojú ṣúgà!"

"Ẹ̀ nyọ́!" ni Zinsu pariwo ní Ègùn, ìyẹn ni pé ó dára. "Adití là á sọ àṣírí fún. Ẹni tí kì í mu mílíìkì ni kí ó ṣọ́ mílíìkì!"

Jeremáyà rọra dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin ará, ẹ ò bá fi mí sílẹ̀. Mílíìkì? Òórùn rẹ̀ lásán ń rí mi lára. Bí mo bá pàdé màlúù lọ́nà, mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Wọ́n hó yèè. "Gbúruu," ni ikùn rẹ̀ wí. Ó sáré fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kó páálí mílíìkì wọ yàrá rẹ̀ nìyẹn, ó ga títí kan àjà. Lára páálí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ya màlúù kan sí tó ń rẹ́rìn-ín. Jeremáyà náà rẹ́rìn-ín padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú agolo kan nítorí oògùn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní oògùn kì í tó. Kò pẹ́, àwọn alágbàtà láti Sèmè bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀, oògùn sì di òwò. Ó tà á, ó tà á, àfìgbà tí màlúù tó ń rẹ́rìn-ín ò ní nǹkan kan nínú mọ́. Ó wá bu iyanrìn etí ọ̀sà, ó fi kún páálí kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́.

Títílọlá ká ọwọ́ mọ́rí. "Bàbá Túnmiṣe, iyanrìn lẹ fẹ́ rù lọ sí Gberefu? Ibi tó jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n ń tẹ̀ jí, tí wọ́n ń gbọ̀n kúrò lára kí wọ́n tó sùn?"

"Ìwọ ò mọ nǹkan. Sójà kan ni wọ́n máa rán pé kó wá ka páálí. Yóò kà á, kò ní tú u. Bó bá ti lọ, n ó ní ó di ọ̀la ká tó pín in. Kí ọ̀la tó dé, olè á ti gbé e."

"Olè wo?"

"Èyí tí mo bá dárúkọ."

"Ẹ ṣáà fi agolo kan sílẹ̀ fún ikùn yín."

"Kí n máa fi owó ṣeré? N ò kúkú ní mu kọfí lọ́jọ́ náà."

Bí ó ṣe ta agolo oògùn náà mọ́ ọn nìyẹn. Ojúkòkòrò tí ò ṣẹ́ku sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, ẹ sọ fún mi, irú rẹ̀ wo la tún ń wá?

Ọjọ́ pé. Jeremáyà wọ kóòtù funfun, ó dé fìlà Faransé sí ẹ̀gbẹ́ orí. Sájẹ́ńtì Láńre ni wọ́n rán, ọmọ Èkìtì tí omi ń bà lẹ́rù; ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí ọkọ̀ mú, ó gbé kòbókò sáàárín eyín. Zinsu ló ń tukọ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọkọ̀.

"Mùsé, mílíìkì yìí mà wúwo o!"

"Ti ìjọba ni," ni Jeremáyà dáhùn. "Ojúlówó."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Gberefu, tí wọ́n sì ru ẹrù sọdá sí etí òkun, gbogbo abúlé ti tò sórí ìlà níbẹ̀, orin ló gba ẹnu wọn. Hùmúàní pọn ìbejì kan, ó gbé èkejì sáyà. Sájẹ́ńtì fi kòbókò ka páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Jeremáyà mí kanlẹ̀. Ó ku kí sójà wọkọ̀ padà, kí olè máa bọ̀.

"Ọ̀gá sójà, ẹ dúró ná!" ni Hùmúàní wí. "A ò lè jẹ́ kí Mùsé lọ láìṣe é lálejò. A ti se kọfí fún un."

Jeremáyà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ẹ̀yin èèyàn, kò sẹ́ni tó se kọfí rí ní Gberefu. Àwọn ọlọ́kọ̀ Kùtọnú ni wọ́n bẹ̀ tó bá wọn wá agolo kan. Bí wọ́n ṣe rí i pé ó dúdú, tó sì korò, wọ́n ní àgbo ni, bí wọ́n sì ṣe ń se àgbo ni wọ́n ṣe sè é. Wọ́n da gbogbo agolo sínú ìkòkò kan, wọ́n dáná sí i láti ìgbà tí àkùkọ kọ, wọn ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dúdú rẹ̀ ju ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ lọ. Ṣíbí dá dúró nínú rẹ̀. Hùmúàní bu kọ́ọ̀bù tánganran kan dẹ́nu, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi. A ò fi ṣúgà bà á jẹ́. A mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́."

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n mo ti mu tèmi nílé."

"Kọ́ọ̀bù kan kì í tó ọkùnrin!"

Sájẹ́ńtì yí ojú sí i. "Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ní ẹ ń mu ún bí omi ni?"

Kí ni Mùsé fẹ́ ṣe? Ó na ìka sókè, ó gbé e mì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hùmúàní bu òmíràn sí i. Ó gbé ìyẹn náà mì, omijé lójú rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ikùn dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà: "GBÚRUUU!"

Sájẹ́ńtì fò sẹ́yìn. "Kí ló dún yẹn?"

"Òkun ni," ni Jeremáyà wí.

Zinsu wo òkun, ó wo Mùsé. "Etí òkun yìí ni wọ́n bí mi sí. Kò dún báyìí rí."

Òógùn bo Jeremáyà. Iná ń jó láyà rẹ̀, ìfun rẹ̀ ń lọ́ra wọn bí okùn àwọ̀n. Ó gbójú sókè, kí ló rí bí kò ṣe màlúù? Wọ́n pọ̀ lára páálí, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín sí i. Orí Jeremáyà mọ̀ pé iyanrìn ló wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn ò gbọ́ ti orí. Àwòrán ni ikùn ń wò.

Ó fò mọ́ páálí. Ó fi eyín fà á ya. Iyanrìn! Ó já òmíràn. Iyanrìn! Ó ń ha ilẹ̀ bí ajá tó gbàgbé ibi tó ri eegun mọ́, fìlà Faransé fò lọ, ó sì ń ké lóhùn rara: "Ó yẹ kó ku ọ̀kan! Títílọlá, o ò fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi! Ta ló ní kí n ta gbogbo rẹ̀?"

Ìbejì kan bú sẹ́kún.

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀, ó bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó dáadáa. "Mùsé, èyí tí ẹ kó wá yìí ò tiẹ̀ funfun tó tiwa."

Sájẹ́ńtì ò pè é ní "ẹ̀yin" mọ́. "Ìwọ tí o kì í mu mílíìkì, kí lo ń wá nínú páálí?"

"Oògùn ni, sà."

"Oògùn kí ni?"

"Oògùn... kọfí."

Ẹ̀rín bú! Àwọn obìnrin ń dì mọ́ra wọn kí wọ́n má baà ṣubú. Zinsu jókòó sílẹ̀ gbì.

"Mílíìkì àwọn ọmọ yìí dà?" ni Sájẹ́ńtì jágbe.

Bí ikùn Jeremáyà bá balẹ̀ ni, ìbá purọ́ di àṣálẹ́. Ṣùgbọ́n àsìkò ò sí. "Sèmè ni, sà! Ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, wọn ò tíì tà á tán, ẹ lè bá a níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ!"

"Lọ síbo? Di etí mú! Lóṣòó! Fò bí ọ̀pọ̀lọ́!"

"Sà, ẹ má ṣe èyí. Nítorí Ọlọ́run, ẹ fi kòbókò nà mí."

"Mo ní kí o fò!"

Mùsé fò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un fò. Ìlà tí sójà fi kòbókò tò tú ká láìsí àṣẹ, ìyá ń fa ọmọ, ọmọ ń di imú, Sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ yà fún un lọ́nà. Jeremáyà gba àárín wọn kọjá, ó di kóòtù funfun mú lẹ́yìn, tí kò funfun mọ́, ó sáré tààrà wọ inú òkun, kò sì dúró àfìgbà tí omi mù ún dé ọrùn.

Sájẹ́ńtì ní kó jáde. Jeremáyà ní òun ò lè jáde. Zinsu ti gbé àjẹ̀ léjìká kí wọ́n lè lọ bá mílíìkì ní Sèmè. Zinsu ní ó di dandan kí ọ̀daràn náà bá àwọn lọ fi ṣọ́ọ̀bù hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ọkọ̀ tòun. Àwọn obìnrin wá to páálí iyanrìn sétí òkun, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń dúró dè é.

Hùmúàní fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó nahùn sí i láàárín ìgbì:

"Mùsé o! Kọfí ṣì kù nínú ìkòkò!"