Ìwé Ikú Tí Mo Kà fún Alàájà

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, ńṣe ni mo máa ń káwọ́ lérí. N kò rò pé yóò kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alàájà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì paraku, mo sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Igbóṣẹrẹ́. Ojú Alàájà ti di bàìbàì, wọn kò lè kàwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni lémọ́ọ̀mù àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n wá ìwé kan kà, ìwé Yorùbá lórí bí mùsùlùmí ṣe ń múra sílẹ̀ de ikú. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò sì lè ka Yorùbá já gaara. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí.

“Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ní ìwọ lo máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Wá ka tèmi náà fún mi.”

Inú mi dùn. Ká má purọ́, mo fẹ́ràn ohùn ara mi.

Ọ̀sán Sátidé ni. Kò sí iná, ooru mú, mo bá ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì sílẹ̀ gbayawu. Alàájà nà gbalaja sórí ẹní, wọ́n fi ìborùn funfun bojú nítorí eṣinṣin. Mo kà á, mo kà á, títí Alàájà fi sùn lọ fọnfọn. Ó yẹ kí n dákẹ́, àmọ́ mo ti ń gbádùn ara mi. Mo dé ibi tí ìwé ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe túfọ̀ òbí wọn: “Ẹ̀yin ará ilé, ìyá wa ti jẹ́ ìpè Ọlọ́hun. Ẹ má ké. Ẹ tètè wá omi tí a ó fi wẹ̀ wọ́n.” Mo fi ẹkún díẹ̀ sí ohùn, bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ń ka ìtàn àgbélébùú.

Ìyá Rísì, tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ ilé, ló kọ́kọ́ yọjú. Ó wo Alàájà, ó wò mí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré padà sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ inú ìwé ló wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́, mo ń gbọ́ èrò nísàlẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń fa imú. Mo rò pé èmi ni wọ́n dúró gbọ́. Mo bá tún ohùn ṣe, mo ka ibi òkú wíwẹ̀ fún wọn dáadáa.

Àfi bí Bọ̀dá Múfú, àkọ́bí Alàájà, ṣe já wọlé láti ọ́fíìsì wọn ní Oníkàn, láìwọ bàtà. Wọ́n wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ìyá wọn.

“Ẹ rọra, Bọ̀dá,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí Alàájà sinmi.”

Omi bọ́ lójú wọn. “Ṣé ìyà kankan jẹ wọ́n?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ooru ni wọ́n ń sọ. “Rárá o. Wọ́n ń gbọ́ ìwé lọ ni, wọ́n kàn dákẹ́.”

Bọ̀dá Múfú fi igbe ta. Igbe yẹn ló jí Alàájà. Wọ́n ká ìborùn kúrò lójú, wọ́n dìde jókòó.

“Múfútáù, kí ló dé? Ta ló kú?”

Àwọn tó ti kún ẹnu ọ̀nà tú ká, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé Ìyá Rísì ti rò pé òkú Alàájà ni mò ń tú, ó sì ti tẹ Bọ̀dá Múfú àti lémọ́ọ̀mù láago.

Lémọ́ọ̀mù fúnra wọn ló kù tí wọ́n ń gòkè bọ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lábẹ́ abíyá. Bí wọ́n ṣe rí Alàájà ní ìjókòó, wọ́n fara ti ògiri.

“Aṣọ ta nìyẹn?” Alàájà béèrè.

Bọ̀dá Múfú ló dáhùn. “Màámi, ẹ má bínú. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti wà ní itẹ́ òkú.”

“Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ká má fi òkú yín falẹ̀.”

Alàájà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rù bà mí kí ó má lọ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. “Kí lo kà gan-an?” Mo kúnlẹ̀, mo tún ibẹ̀ kà, ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ. Alàájà fetí sílẹ̀ dé òpin rẹ̀.

“Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ì bá sunkún.”

Lémọ́ọ̀mù ní àwọn á wá ìwé mìíràn, èyí tó dá lórí sùúrù. Alàájà kọ̀. “Ẹ jẹ́ n gbọ́ èyí tán ná. Ẹ ti rí i pé ó yẹ kí n yára.”

Mo ti fẹ́ kó ẹrù mi, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè mí. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá ń kàwé fún ènìyàn, ojú onítọ̀hún ló yẹ kó kọ́kọ́ kà. Bí mo bá ṣí ewé kan tán báyìí, mo máa ń dúró béèrè pé, “Alàájà, ṣé ẹ ń gbọ́?”

Wọ́n á ní, “Mi ò tíì dákẹ́. Máa kà á lọ.”

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìwé ni mo máa ń fi bojú.